Faransé Lórí Wàláà

Inú ọkọ̀ tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ni Nafisah ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Jesse, inú sì bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ wo ojú rẹ̀.

Ó gbé ìwé lé itan, ó ń ka Faransé jẹ́jẹ́ sábẹ́ ẹnu, "j'aurai allé, tu auras allé," ni ọkùnrin tó fún mọ́ ọn lẹ́yìn ọkọ̀ bá ní kí ó má bínú o, "je serai allé" ni wọ́n ń pè é.

"Ta ló bi yín?" ni Nafisah wí.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, tí ẹ lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, èmi náà ti jẹ̀bi."

Ọ̀rọ̀ ìdánwò yìí tẹ ojú egbò rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣe ìdánwò àwọn tó fẹ́ di tíṣà Faransé, kò yege. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbé e ṣubú, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí yóò ti parí kí nǹkan mìíràn tó dé. Ẹni tó bá ti bá apá ibẹ̀ nínú Faransé wọ̀jà rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ èèyàn. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé tí kò bá tún yege lọ́dún yìí, kí ó gbàgbé Faransé, kí ó wá ọkọ fẹ́. Nafisah ní òun kò ní gbàgbé ohunkóhun.

Ló bá gbé ìbínú mì. Kí ọkọ̀ tó dé Ìwàrò, ó ti mọ̀ pé Jesse lorúkọ ọkùnrin náà, pé tíṣà Faransé ni ní iléèwé girama kan ní Ọ̀kà, àti pé Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣòwò nígbà tó wà ní kékeré, ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè náà. Kí Nafisah tó sọ̀kalẹ̀, ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá máa kọ́ òun.

Ó ku Bàbá. Àdúgbò kò sí ní Ìkàrẹ́ tí wọn kò ti mọ Alfa Kareem, ọkùnrin tí kì í fi irọ́ ṣeré, tó ní ilé kéwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí tó wà níwájú ilé rẹ̀. Alfa wo Jesse, ọmọ onígbàgbọ́, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn yóò ti máa kọ́ ọ, ìyá òun yóò sì wà láàárín wọn. Bí Ìyá Àsàmáù ṣe gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ wá nìyẹn, tó ń bó o láàárín àwọn méjèèjì, tí Faransé ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Jesse ṣe gbogbo ohun tí tíṣà ń ṣe. Ó kọ ọ́, ó tú u palẹ̀, ó fi àpẹẹrẹ sí i. Nafisah á gbọ́ ọ yé lálẹ́, tó bá di àárọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti fò lọ. Lọ́jọ́ kan ó ti ìwé sẹ́yìn, omi lé ròrò sí i lójú.

"Tíṣà, orí mi kò gbà á."

"Orí yìí náà kọ́ ló gba Kùránì?" ni Jesse wí. "Báwo lo ṣe há ìyẹn sórí?"

Nafisah rẹ́rìn-ín láàárín omijé. Ó ní kéwú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú kà lásán. Orin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, tí ara á máa jù síwájú jù sẹ́yìn, títí ẹnu á fi mọ̀ ọ́n kí orí tó mọ̀ ọ́n.

"Ó yá, lọ mú wàláà rẹ wá."

Nafisah mú wàláà tó ti ń bẹ nílé láti kékeré rẹ̀ wá, ó po tàdáwà, ó sì fi kọ Faransé sójú pákó náà. Ló bá ju ara sí orin. "J'aurai fini, tu auras fini, il aura fini." Jesse gbè é, ohùn rẹ̀ nípọn, òun náà ń mì síwájú sẹ́yìn bí ọmọ kéwú tó ń bẹ̀rù pàṣán. Ìyá Àsàmáù bẹ̀rẹ̀ sí í mì pẹ̀lú wọn láìmọ̀, ẹ̀gúsí ń dà nù.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń dúró. Nafisah ń kọ ọ́ lórin tó bá ń lọ ata. Ó ń kọ ọ́ tó bá ń fọṣọ. Ibi tó bá sì ti ṣìnà, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe jáde láàárín wọn kò la ariwo lọ. Jesse ní kí àwọn méjèèjì máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣe gbólóhùn. Nafisah ṣe tirẹ̀ lórí ìdánwò. Nígbà tó kan Jesse, ó wo wàláà, kò wo ọmọbìnrin náà, ó ní: "Avant la fin de l'année, nous nous serons mariés."

Kí ọdún yìí tó parí, a ó ti di tọkọtaya.

Ojú ti Nafisah, ara rẹ̀ gbóná. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló kàn ń pe ìfẹ́ náà ní ọ̀wọ̀. Ìyá Àsàmáù bi wọ́n pé kí ni wọ́n wí. Jesse ní gbólóhùn ni, Màmá. Nafisah ní gbólóhùn náà tọ̀nà, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Wọn kò mọ̀ pé Alfa ti rí wọn. Ó ń bọ̀ láti ibi ìrun Alásárì lọ́jọ́ kan ló gbọ́ orin kéwú láti òkèèrè. Ó na ọrùn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ọmọ onígbàgbọ́ ará Ọ̀kà tó gbé wàláà lé itan, tó ń mì. Ó padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́ kí ó má baà dà á láàmú. Nígbà tó bi ìyá rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń ṣe sí, Ìyá Àsàmáù, tó gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá kà lójú wàláà, kéwú ni, dáhùn pé ó ń ké e dáadáa.

Láti ìgbà náà ni Alfa ti ń rẹ́rìn-ín sí Jesse. Ó fún un ní fìlà. Ó fún un ní búùtà àlùwàlá tuntun, tí Jesse gbé lọ sílé tó fi ń bomi rin òdòdó. Kò bi í léèrè ohunkóhun, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ nílé Ọlọ́run, a kì í dá a dúró lọ́nà. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń wo ọkùnrin náà kò sì pamọ́ fún un.

Ìyá Nafisah, Memunat, ló gbé ìròyìn délé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó ní Alfa ti kéde fún gbogbo jàmáà ní mọ́sálásí pé Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, ọmọkùnrin Ọ̀kà yóò gba Islam, òun yóò sì so yìgì fún un pẹ̀lú ọmọ òun. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀.

Nafisah wá Jesse lọ sí Ọ̀kà. Jesse gbọ́ ọ tán. Ó ní bóyá ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Òun á lọ síwájú, òun á sọ ohun tí wọ́n bá ní kí òun sọ, ohun tó wà nínú òun á wà níbẹ̀.

"Nafi mi, n kò fẹ́ pàdánù rẹ."

"Èmi náà kò fẹ́ pàdánù rẹ," ni Nafisah wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè purọ́ fún Ọlọ́run nítorí mi, kò ní pẹ́ tí yóò fi purọ́ fún èmi náà. Bí o ṣe jẹ́ ni mo ṣe fẹ́ ọ. Èmi ni n ó sọ fún Bàbá."

Ó sì sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alfa, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́.

"Faransé lẹ kọ sórí wàláà mi?" ni Alfa wí, bí ẹni pé ìyẹn ló dùn ún jù. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti sọ fún jàmáà, Nafisah. Ẹyin lohùn."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mo fi tètè wá nìyẹn."

Alfa ní kí ó dìde. Ó ní Jesse kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mọ́.

Nafisah sunkún, ó nu ojú, ó gbé wàláà. Ó ń dá kọ ọ́ lórin, ohùn tó nípọn kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Ó ti pinnu pé tí òun bá pàdánù Jesse, òun kò ní pàdánù ìdánwò pẹ̀lú.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ pé, tí wọ́n kírun tán, Jesse dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀.

"Onígbàgbọ́ ni mí," ni ó wí. "Alfa kò purọ́ fún yín. Wọ́n rí mi pẹ̀lú wàláà lóòótọ́, èmi ni n kò sọ ohun tí mo ń fi ṣe fún wọn. Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ wọn ni mo fẹ́ràn, n kò sì ní gba ọ̀nà ẹ̀tàn fẹ́ ẹ."

Alàgbà Ismaheel, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́sálásí, bú u. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e. Nígbà tí Alfa rí i pé wọ́n fẹ́ tì í, ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí Nafisah yege, Alfa pè é. Ó bi í bóyá ó ṣì fẹ́ ọkùnrin náà. Nafisah ní bẹ́ẹ̀ ni.

"N kò lè so yìgì yín," ni Alfa wí. "Ìmọ̀ tí mo ní kò gbà mí láyè, n kò sì ní wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dúró níwájú jàmáà tó sọ òtítọ́ tó lè gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè sọ pé kò yẹ ní ọkọ. N kò ní ṣépè, n kò sì ní tilẹ̀kùn."

Ìyá Jesse kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìjọ ni, ó ní òun kò tọ́ ọmọ fún ọmọ alfa. Nafisah fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a, ó sọ fún un pé òun kò ní fi ìrun òun sílẹ̀, òun kò sì ní bá ọmọ rẹ̀ du ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní ó kéré tán, ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì bu oúnjẹ fún un.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwàrò. Memunat wà níbẹ̀, Ìyá Àsàmáù wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ Ọ̀kà sì kún ẹnu ọ̀nà. Inú Nafisah dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá ẹnì kan tí ó mọ̀ pé kò ní wá.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọkọ̀ Alfa ló wà lábẹ́ igi, Alfa fúnra rẹ̀ sì dúró tì í.

"N kò wá síbi ìgbéyàwó o," ni ó wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Iṣu ni mo wá rà."

Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Iṣu kan kò sí nínú ọkọ̀ náà, agbádá Iléyá rẹ̀ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà tí Nafisah ti dáyé, kò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń sunkún.

Jesse dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọjà, Bàbá," ni ó wí.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Alfa, ó gbé e mì. Ó gbé ọwọ́ kan lé orí ọmọ rẹ̀, ó gbé èkejì lé orí Jesse, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà gígùn, tí àwọn obìnrin ìjọ Ọ̀kà ń ṣe àmín sí.