Ẹsẹ̀ Àwọn Oníbàárà Há Sílé Onílé

Bàtà fún ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba ni Bàbá Oníbàtà ń ṣe jẹun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni tí ìka rẹ̀ gun ara wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Á ní kí wọ́n dúró lórí ìwé, á fi pẹ́ńsùlù tọ etí ẹsẹ̀ wọn yípo, á sì fi fóònù ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí ìwé kún dúrọ́ọ̀ mẹ́ta, ó fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó kó wọn pẹ̀lú àwọn fọ́tò ẹsẹ̀ sí ilé ìpamọ́ iléeṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pa ti inú fóònù rẹ́ kí àyè lè gbà á, ó sì dáná sun ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní ayé ti lajú kọjá ìyẹn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó ṣí fóònù kó lè gé awọ bàtà fún ọmọge kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ méjìlá. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ òsì ọmọge náà ti kúrú, ìlú tó jìn ló sì ń gbé. Ó ti sọ fún Bàbá pé, “Ẹsẹ̀ mi làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kí wọ́n wo ojú mi.”

Ilé ìpamọ́ kò ṣí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwòrán tó wà níbẹ̀ lòdì sí òfin iléeṣẹ́ àwọn, àwọn sì ti ti ilẹ̀kùn pa. Bàbá tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé kan.

Obìnrin náà kà á tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwòrán níbẹ̀ ti rí ẹsẹ̀ lásán tó lé ní ẹgbẹ̀rin, kò rí orí, kò rí ojú, ló bá ka ẹni tó ni wọ́n sí oníṣekúṣe.

“Èmi?” Bàbá Oníbàtà ní. “Pẹ̀lú ewú orí mi yìí?”

Ìyàwó rẹ̀ kò lè dúró. Ìta ló ti lọ rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí iléeṣẹ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò sí ẹni tó dáhùn.

“Bọ̀dá, ilé onílé lẹ kó ẹrù yín sí,” àbúrò ìyàwó rẹ̀ sọ fún un. “Kò burú kéèyàn fi nǹkan síbẹ̀. Ohun tó burú ni pé kò sí ẹ̀dà kankan lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà.”

Ó kù bí Bàbá ṣe máa bá ọmọge náà sọ ọ́. Irọ́ pé awọ kò tíì dé ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ló bá sọ òótọ́ lórí fóònù. Ọmọge náà béèrè ohun tí òun lè ṣe. Bàbá ní kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá mú pẹ́ńsùlù, kí wọ́n sì gbé fóònù dúró kí òun lè máa wò wọ́n. Ó ń pariwo pé kí pẹ́ńsùlù nàró, kó má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ́ńsùlù ń rin ọmọge ní ìgàkè, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó rí i ṣe dáadáa.

Kí awọ tó gbẹ, àbúrò ìyàwó ti gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan kan tó ti gbó dé. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pé. Ó fi ètò ìpamọ́ ọ̀fẹ́ kan sí i, ó gbé e sórí pákó lókè ibi tí gọ́ọ̀mù wà, ó sì tò ó kí àwòrán máa ti inú fóònù Bàbá lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù, obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ní òun kò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

“Tí èyí náà bá wá bàjẹ́ ńkọ́?” Bàbá bi í.

“Ìdí nìyẹn tí a ó fi ní ẹ̀dà kejì, tí a ó sì gbé e sílé mi. Olè kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.”

Lẹ́yìn tó gbé ẹ̀dà kejì délé rẹ̀, obìnrin náà kò gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ó ní kí Bàbá pa àwòrán kan rẹ́ lójú òun, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un padà wá láti inú ẹ̀dà kejì. Bàbá ṣe é. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Bàtà dé ọwọ́ ọmọge ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbéyàwó. Ó jó lọ́jọ́ náà títí ọkọ rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jókòó. Àwọn oníbàárà yòókù ni Bàbá ṣì ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá tún ẹsẹ̀ wọ̀n, àwọn méjì nínú wọn sì ti ṣípò padà kí ó tó pè wọ́n. Àwòrán ẹsẹ̀ tiwọn kò ṣeé rí padà mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí iṣẹ́ yín rọ̀ mọ́, ẹ má fi sí ọwọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú ẹ̀rọ tiyín, kí ẹ sì gbé òmíràn sí ibòmíì. Ẹni tó bá bá yín tò ó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ di páásíwọ́ọ̀dù yín mú fúnra yín. Bí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ ṣe àtúnṣe sí òun, ẹ má fi falẹ̀, torí ibi tó sán ni olè ń gbà wọlé. Ẹ sì máa dán an wò bóyá ohun tí ẹ tọ́jú ṣeé mú jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí.