Omi Òkun àti Imú Nerida

Ẹ súnra kì, ẹ̀yin èèyàn mi, kí itan kan itan, kí n sọ ti Nerida fún yín, opó etíkun Bargara tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun láràárọ̀ fún ogójì ọdún.

Oòrùn ló bà á nímú jẹ́, jẹjẹrẹ awọ sì yọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà gé jẹjẹrẹ awọ náà kúrò, ó jókòó sílé ìwòsàn, báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀. Ọkùnrin kan kọjú sí i, etí tirẹ̀ náà wà nínú báńdéèjì, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹyin. Alby ni, àgbẹ̀ onírèké tí aya rẹ̀ ti kú.

“Màdáámù, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló jà borí?”

“Dókítà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú egbò fi ń ta wọ́n.

Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wọn: ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi fasilíìnì pa á, ẹ bò ó. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ.

Alby ní kó wá bá òun jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Inú Nerida dùn bí ọmọge, ó sì fẹ́ kí imú òun tètè jinná. Ará etíkun ni. Wọ́n gbà níbẹ̀ pé kò sí egbò tí iyọ̀ òkun àti afẹ́fẹ́ kò lè wò. Ó bá ṣí báńdéèjì, ó wọ omi lọ, ó sì jókòó sínú afẹ́fẹ́ kó gbẹ.

Kó tó di Sátidé, imú wú, ọyún ń jáde. Kò lọ jẹun. Alby wá kanlẹ̀kùn.

“Mi ò sí nílé.”

“Ta ló wá ń dá mi lóhùn, ológbò?”

“Máa lọ, Alby. Ojú ń tì mí. Wọ́n kìlọ̀ fún mi bí ọmọdé, mi ò gbọ́. Imú mi ń rùn.”

“Àgbẹ̀ ni mí. Ohun tó rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ń kó sóko. Ṣílẹ̀kùn, jọ̀ọ́.”

Ó ṣí i díẹ̀díẹ̀, tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lójú. Alby fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fún un lóògùn. Láti ọjọ́ náà, Alby ló ń bá a fọ egbò, tó ń fi fasilíìnì pa á, tó ń kọrin:

Rọra o, rọra,
Egbò tuntun kò fẹ́ gbígbẹ,
Rọra o, rọra.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, awọ tuntun ti bò ó, ó kù kòtò kékeré kan. Nerida fọwọ́ bojú.

“Lọ wá obìnrin tí imú rẹ̀ pé.”

“Imú kọ́ ni mò ń wá, ìwọ ni. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

Nerida sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wojú rẹ̀.

“Màá fẹ́ ẹ.”

Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ìyàwó dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì bo imú. Edé pọ̀, ẹran àgùntàn pọ̀, kéèkì ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó gbé ebi délé.