Ìwé Tí Ìdíátù Kà ní Gáréèjì Ìkọ̀tún

"Kà á sókè, kí gbogbo wọn gbọ́ ọ," ni Sàlàkọ́ wí, ó sì na ìwé náà sí ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ìdíátù gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin, kò sì sí ọmọ awakọ̀ kan ní gáréèjì Ìkọ̀tún tó mọ gẹ̀ẹ́sì tó o. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi mú un wá láàárọ̀ Sátidé yẹn, sáàárín awakọ̀ akẹ́rù méjìlá tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti táyà àlòkù.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ni. Owó epo ń ṣàn nílùú, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò. Ṣùgbọ́n owó epo kò tíì dé ọ̀nà Ìgàndò sí Egan. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà yẹn. Bí òjò bá rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ a gbé táyà mì dé ìdajì, awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ a jókòó tì í títí ẹrù ọlọ́jà yóò fi jẹrà. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ ti ilé iṣẹ́ kan ní Èkó dé, tó ní kí awakọ̀ máa san owó díẹ̀ lóṣooṣù, pé ibikíbi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú sí, àwọn yóò fi ọkọ̀ ńlá wá wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, inú gbogbo wọn dùn. Sàlàkọ́ gan-an ló mú ọkùnrin náà wá sí gáréèjì.

Ìdíátù kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn náà sínú. Iwájú rẹ̀ dùn bí oyin. Ó yí i sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì dúró lórí àwọn lẹ́tà wínníwínní kan. Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ rí ibi tí ojú rẹ̀ dúró sí.

"Àbúrò, wá ná," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fà á sẹ́yìn ọkọ̀ kan. Ṣòkòtò bóńgò tó wọ̀ ń gbálẹ̀. "Iwájú nìkan ni kó o kà. Ti ẹ̀yìn yẹn, ọ̀rọ̀ lọ́yà ni, kò kàn wọ́n. Ṣé o fẹ́ràn bàtà gógóró? Èyí tó bá wù ọ́, màá rà á fún ọ. Tó o bá sì jáde ilé ìwé, àyè taípíìsì wà ní ọ́fíìsì wa. Èmi ni màá mú ọ wọlé."

Ọkàn Ìdíátù fà sí i, ká má parọ́. Mojísọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ irú bàtà yẹn, gbogbo àdúgbò ló yíjú wò ó. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó ńkọ́? Ta ni kò fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n bó ṣe yí ojú, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń fi í yangàn fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń sọ pé, "Ọmọ mi ni, kò sí ohun tí wọ́n kọ tí kò lè kà." Ó padà sáàárín wọn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú," ló wí. "Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí pé ọkọ̀ tí kò bá kú sórí títì ọlọ́dà, àwọn ò ní wá wọ́ ọ. Ọkọ̀ tó bá sì ti lé lọ́dún márùn-ún, kò sí nínú àdéhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì pé ọdún márùn-ún níbí? Ta ni kì í gba ọ̀nà Egan?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Gẹ̀ẹ́sì òfin kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì fọ́ọ̀mù kẹrin o! Kò yé e ni."

"Ó dáa, sà," ni Ìdíátù dáhùn. "Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ síbí pé ẹ ó dé Egan, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi nìyẹn, kì í ṣe tèmi."

Ràímì, alága gáréèjì, yọ fìlà, ó fi lu orúnkún. "Sàlàkọ́, ọmọ rẹ ń gbó àgbà lẹ́nu lójú wa."

Ojú ti Sàlàkọ́ gidigidi. "Dákẹ́!" ló fi jágbe. "Ìwé ni mo ní kó o kà, mi ò ní kó o dájọ́. Kúnlẹ̀, kó o bẹ àlejò mi."

Ìdíátù kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọjú sí. "Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún, Bàámi, torí pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Mi ò lè bẹ ẹni tó fẹ́ fi bàtà dí mi lẹ́nu. Ẹ lè nà mí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ yí padà."

Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ búra pé òun ò mọ ohunkóhun nípa bàtà. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Awakọ̀ méje ló tẹ̀ka sí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, Sàlàkọ́ ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ ló ń darí òun.

Láti ọjọ́ yẹn, Sàlàkọ́ kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ tí Ìdíátù bá sè, kò ní tọ́ ọ wò. Mọ̀dínátù, ìyá ọmọ náà, bẹ Ìdíátù títí. "Lọ sọ fún un pé o ṣì í kà. Kí ló máa gbà lọ́wọ́ rẹ, jàre?"

"Mi ò ṣì í kà, Màámi."

"Mo mọ̀. Ṣá sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Òjò rọ̀ mọ́jú Ọjọ́rú, ọkọ̀ Sàlàkọ́ sì jìn sí kòtò ní Egan. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ kán wéú, gbágùúdá tí àwọn onígaàrí ń retí ní Òkè-Odò sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Sàlàkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìdíátù, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún.

"Múra," ló wí.

Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Èkó. Wọ́n bi wọ́n ní ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀ pé ibo ni ọkọ̀ kú sí. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Susanna, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́, yí ìwé sẹ́yìn, ó sì fi ìka tọ́ka.

"Bàbá, ẹ má bínú. Orí títì ọlọ́dà nìkan ni. Ọkọ̀ yín náà sì ti dàgbà jù. Ó wà níbí. Ṣé ẹ ò rí ẹni kà á fún yín ni?"

Sàlàkọ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo rí ẹni kà á fún mi," ló wí.

Bí wọ́n ti dé ìta, Ìdíátù kò sọ pé "ṣé mo wí?" Ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ padà ló ń wò. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìdíátù, èmi ni mo jẹ̀bi. Ìtìjú ló mú mi tẹ̀ka."

Akínlẹ́yẹ, mẹkáníìkì kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ló fi ọkọ̀ ògbólógbòó àti ẹ̀wọ̀n irin wọ́ ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ kẹta. Ìdajì gbágùúdá ti dúdú kọjá lílò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn awakọ̀ ní kí Akínlẹ́yẹ wá. Wọ́n ní òun ni àwọn yóò máa dáwó fún lóṣooṣù, bó bá gbà láti dé ibi tí iṣẹ́ àwọn wà. Akínlẹ́yẹ gbà. Ìdíátù ló kọ àdéhùn náà, Yorùbá pọ́ńbélé ló fi kọ ọ́: Egan, Ìgàndò, Òkè-Odò, ọ̀dà wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, ọkọ̀ titun o, ọkọ̀ àtijọ́ o.

Bó ṣe dìde pé kóun kà á, Ràímì tún fajú ro. "Ọmọ yìí tún ti dé! Ṣé kò sí ọkùnrin tó lè kàwé ní gáréèjì yìí ni?"

Sàlàkọ́ dìde dúró ti ọmọ rẹ̀. "Òun ni yóò kà á, Alága, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọmọ mi, kó gbé táyà tó jókòó lé kúrò níbí."

Kò sẹ́ni tó dìde. Ìdíátù kà á tán, wọ́n ní kó tún un kà, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tẹ̀ka, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò tíì kà tẹ̀yìn tiwájú. Ẹ kúnlẹ̀ fún àgbà, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n bí òótọ́ bá wà lẹ́nu yín, ẹ sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà. Ọmọ tó fi òótọ́ pamọ́ nítorí ẹ̀bùn tàbí nítorí ìbẹ̀rù, àwọn òbí rẹ̀ gan-an ló fi sínú kòtò.