Ṣíbí Kẹfà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yìn ṣíbí ló ń wò. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kí ó wo àmì ara àwo àti ṣíbí àtijọ́, kí ó sọ ẹni tó ṣe é àti ibi tó ti wá. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe abọ́ kan ni mo ṣe lọ. Kí n tó jáde, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí láti padà lọ. "Ẹ tún dé?" á ní, á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo mú un lọ sílé. Ìyá mi gbé ṣíbí márùn-ún jáde.

"Fàdákà gidi ni. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n."

Mo ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Kò rí mi. Ẹ̀yìn ṣíbí ló ń wò.

"Ẹ má bínú, mà. Fàdákà ni wọ́n fi bò ó. Ibi tó ti ṣí, bàbà ló ń yọjú. Ó jọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àmọ́ eérú tí ẹ fi ń fọ̀ wọ́n ti pa àmì wọn rẹ́."

Ìyá mi dìde. "O pe bàbá mi ní òpùrọ́? O ò ní ṣe ìyàwó nílé yìí."

Òtítọ́ korò lóòótọ́. "Ayọ̀ mi, ṣé o ò lè gbà fún wọn ni?" mo bi í lójú ọ̀nà.

"Olólùfẹ́ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ṣebí ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Odindi oṣù kan, ìyá mi ò bá mi sọ ju "o jíire" lọ. Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ìyá mi wọlé. Ó tú áńkáṣíìfù. Ṣíbí kẹfà ni, n ò mọ̀ pé ó wà.

"Látìgbà tó ti dọ́wọ́ mi, kò kan ọbẹ̀ rí, kò kan eérú rí. Wò ó."

Olólùfẹ́ mi gbé awò sójú. "Àmì ilé-iṣẹ́ òkè òkun rèé, mà."

Ìyá mi sorí kọ́.

"Ẹ dúró ná. Ẹnìkan fọwọ́ fa ìlà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tún fi fàdákà bò ó nígbà tó ṣá ló ní àmì yẹn."

"Ìlà mẹ́ta?" Omi bọ́ lójú ìyá mi. "Ó wà lára òòlù bàbá mi. Ọwọ́ wọn ni."

Olólùfẹ́ mi na ṣíbí náà sí i. Ìyá mi ò gbà á.

"Fi sọ́wọ́. Ìyàwó ọmọ mi ni mo tọ́jú ẹ̀ dè."