Ibi Tí Èsì Ń Lọ

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Ìka Aasiyah dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó bojú wẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ìkòtún náà. Ọ̀dọ́kùnrin adúmáadán kan ló rí, tí omi òjò ń kán tótó lára irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sísítà. Ìméèlì yẹn kì í ṣe ti báǹkì." Ó ṣí àwọn ìlà kéékèèké tó máa ń fara pamọ́ sórí ìméèlì: ibi tó ti gbéra, ọ̀nà tó gbà, ibi tí èsì máa lọ. "Ó pe ara rẹ̀ ní báǹkì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fèsì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń lọ. Jìbìtì ni."

Aasiyah rẹ́rìn-ín. "Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta o."

"Háà! Ẹ ò tíì mọ̀ pé Abdulganiyy ni mò ń jẹ́, ẹ ti sọ mí lólè!"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí bàbá Aasiyah, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù l'Ẹ́gàn, gbọ́, ó fa ojú ro. "Ẹni tó ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri? Ọmọ Yàhúù ni jàre! Mi ò ní fọmọ fún gbájúẹ̀."

Abdulganiyy dákẹ́ lọ bí omi inú àmù. Ẹkún ni Aasiyah fi ń sùn, títí ìméèlì Abdulganiyy fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan:

*Aasiyah mi, ṣé wàá fẹ́ mi? Fèsì.*

Ayọ̀ rẹ̀ kún. Síbẹ̀, bó ṣe kọ́ ọ, ó yẹ àwọn ìlà náà wò. Ọ̀dọ̀ Abdulganiyy ló ti wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí èsì máa lọ ńkọ́? Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Bàbá tí kò mọ̀ ju kó pè, kó sì gbé ìpè lórí fóònù lọ!

Ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù tútù.

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ! Olè ni! Ó ti fi orúkọ yín ṣí ìméèlì!"

Bàbá wúkọ́. Ó yọ fóònù lápò. "Èmi ni mo ní kó ṣí i."

Aasiyah súnmọ́ ọn, ó wo fóònù náà.

"Ó wá bá mi níbí, ó ní kí n wá wo ibi iṣẹ́ òun, níbi tí wọ́n ti ń dènà olè orí kọ̀ǹpútà, kí n bi ọ̀gá òun léèrè. Mo lọ, òótọ́ ni. Mo wá ní tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, kí èsì rẹ gba ọwọ́ mi kọjá. Olè kì í pe onílé wá ṣọ́ òun, àbí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ̀, Bàbá! Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

Aasiyah nu ojú, ó tẹ ọ̀rọ̀ méjì péré sórí fóònù tirẹ̀. Fóònù dún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó rọra kà á síta: "Mo… gbà."

Ló bá ṣe èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ: ó pe Abdulganiyy.

"Gàníyù olè, lọ sọ fáwọn òbí rẹ. Èsì ti dé."