Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ohùn Bàbá

Ìjà ni mo fi mọ Olùtọ́jú, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀.

Ẹ̀gbà ló mú bàbá mi. Ó gba ohùn rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ kó máa mì lọ́tùn-ún lósì láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ni ọpọlọ tó pé pérépéré àti ọwọ́ òsì. Abẹ́ ọwọ́ yẹn la gbé bọ́tìnnì ńlá kan sí. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí èyí tí Bàbá fẹ́ bá dé, á tẹ bọ́tìnnì. Tí ọ̀rọ̀ bá ti pé, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ síta, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin kan tó dà bíi pé ó ń ka ìròyìn.

Ètò kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń kọ irú wọn tí wọ́n sì ń tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kálukú pẹ̀lú èyí tó gbà láti máa tọ́jú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gba ẹ̀dà tuntun gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà wa, ètò ohùn Bàbá bá kọ̀, kò ṣí mọ́. Mo lọ sí ojú-ewé ètò náà, mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: "Ta ló ń tọ́jú nǹkan yìí? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èèyàn ló ń fi í sọ̀rọ̀ ni?"

Èsì ò pẹ́ dé. "Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ló kọ síbẹ̀? Ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ fún mi láti òkè délẹ̀."

"Ó ní òun ò ṣiṣẹ́!"

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni mo ń béèrè."

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde kí n tó lè kà á tán. Gíláàsì awò ojú ni mo ń gé fún dókítà ojú, iṣẹ́ tó gba sùúrù gidi, àmọ́ ibi iṣẹ́ ni gbogbo sùúrù mi ń tán sí. Ó fún mi ní ìlà ọ̀rọ̀ kan pé kí n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá sì sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn."

Mo dúpẹ́. Ọpẹ́ di ìkíni, ìkíni di ìpè orí fóònù. Tíṣà ìṣirò ni, ìlú tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà yìí.

"Màmá mi ló ń lò ó," ló wí. "Ẹni tó ń tọ́jú ètò náà tẹ́lẹ̀ pa á tì, mo bá gbà á. Màmá ti kú báyìí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò fi í sílẹ̀?"

"Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún? Àwọn kan ṣì ń fi í sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ yẹn ni mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì tíì rí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí a máa ríra ní ibùdókọ̀, mo ti rìn lọ rìn bọ̀ títí ó fi rẹ àwọn tó ń wò mí. Àṣé ó ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo ń kọ̀wé sí mi. Mo mọ̀ ọ́n."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"O kì í parí gbólóhùn kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí o ṣe ń rìn náà nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Aláìfarabalẹ̀ mi. Èmi náà ń pè é ní Olùtọ́jú.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa rárá. Àǹtí fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá bá wa gbé nígbà tí Bàbá ṣubú. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, òun náà ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ pa rédíò yẹn."

"Ọkùnrin tó ń ṣe wàhálà lórí ẹni tí kò mọ̀ rí," ló wí fún mi, "ìgbà wo ló máa ráyè tìẹ?"

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Tí mo bá lọ, òun àti Bàbá nìkan ló kù nínú ilé ńlá yìí.

Bàbá ní kí ọmọkùnrin náà wá, òun máa fúnra òun bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àǹtí gbà. "Ohun tí Ẹ̀gbọ́n mi bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ ni abẹ gé. Tó bá ní rárá, kó o gbàgbé rẹ̀." Mo fara mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa wá, Olùtọ́jú kọ̀wé sí mi: "Ìfẹ́ mi, mo ti gbé ẹ̀dà tuntun síta. Lẹ́tà á máa yára kọjá, kó má baà rẹ Bàbá lónìí. Kí kọ̀ǹpútà yín tó ti gbó má baà pẹ́ lẹ́nu títo ètò náà pọ̀, mo ti tò ó pọ̀ sílẹ̀ lórí tèmi." Mo gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ètò náà ò ṣí mọ́. Mo wá ẹ̀dà àtijọ́, mo ti pa á rẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kún. Mo pe Olùtọ́jú, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo tún aṣọ fèrèsé ṣe, mo tún fà á wọ́. Mo wà lórí ìyẹn nígbà tí Olùtọ́jú kanlẹ̀kùn.

Kó tó kí Bàbá tán ni Àǹtí ti gba ọ̀rọ̀ sọ. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí. Ó ní rárá."

"Àǹtí! Ṣebí ọjọ́ ti pẹ́ tí orí Bàbá ti ń mì!"

"Èmi ni mo mọ èyí tó ń mì àti èyí tó ń kọ̀. Ó ní kó máa lọ."

Ọwọ́ Bàbá ń lu bọ́tìnnì, pà, pà, pà, kò sí ohùn kankan. Olùtọ́jú wò mí. "Kí ló kọ síbẹ̀?"

Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ojú tì í.

"Fáìlì kan ló ń wá, ó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kò sí lórí tiyín. Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo kánjú."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ wá. Ló bá di pé fóònù rẹ̀ ń dún léraléra. Obìnrin kan kọ̀wé pé ọkọ òun ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ní ọmọ òun ń sunkún, òun ò mọ ohun tó fẹ́. Olùtọ́jú gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò níta, kí n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sáwọn tó kù. Tiyín máa gbà tó wákàtí kan, kọ̀ǹpútà yìí ò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀."

"Ẹ gbọ́!" Àǹtí pariwo. "Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá!"

"Bàbá mi ńkọ́?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ohùn mi sì le.

"Bàbá ní ìwọ, ó ní Àǹtí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ètò yìí nìkan ni wọ́n ní."

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi, mi ò wá mọ ibi tí mo lè dúró sí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tí o bá tìtorí èyí pàdánù mi lónìí ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Màá sunkún gan-an, Aláìfarabalẹ̀ mi. Àmọ́ jọ̀ọ́, jẹ́ kí n parí rẹ̀."

Ó parí rẹ̀. Ó dá gbogbo wọn lóhùn, àtúnṣe náà sì ń wọ́ lọ bí ìgbín. Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ti Bàbá pọ̀. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ń sáré lọ lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá ò dẹ́kun lílu bọ́tìnnì.

"Ó ní ẹ lé e jáde," Àǹtí wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú òun."

"Àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Bàbá fúnra rẹ̀ sọ ọ́."

Nígbẹ̀yìn, ètò náà ṣí. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa rọ̀gbà yí àga Bàbá ká. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Omi," ni ohùn náà wí.

Bàbá ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

"Omi. Láti àárọ̀."

Àǹtí káwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó sáré jáde, ó gbé ife sí i lẹ́nu. Omi ń dà sí Bàbá láyà. "Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ ni o." Bàbá mu ún tán, ó tún mu òmíràn.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kọ̀ǹpútà. Mo ti ń ronú ohun tó máa bi Olùtọ́jú: ilé tó ń gbé, àwọn ẹbí rẹ̀, ohun tó fẹ́ fi bọ́ mi. Lẹ́tà ń lọ, mo ń jẹ èékánná.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" ni ohùn náà wí. "Ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀?"

Olùtọ́jú wo fóònù rẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, Bàbá. Ó ku ẹnì kan tí kò tíì fèsì."

"Pè é."

Ó pè é. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, a sì tún dúró títí. Nígbà tí èsì máa jáde látinú fóònù, ohùn akàròyìn kan náà ni, ohùn bàbá mi gan-an láti ilé ẹlòmíràn. "Mo wà ńbí," ló wí. "Ẹ ṣé o."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló gbé e, àmọ́ gbogbo wa la rí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n dúró, mo dúró gbọn-in, mo sì ń wò ó títí ọ̀rọ̀ fi pé.

"Ilẹ̀ tutù. Ẹ fún àna mi ní àga."

Kí n tó yíra padà, Àǹtí ti gbé tirẹ̀ wá.