Ọkọ Mi, Ọkọ̀ Mi

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé kó wá jókòó, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tí mo kà ò ju èyí tí mo fi lè kọ orúkọ ara mi lọ, ṣùgbọ́n orin ń bẹ lẹ́nu mi. Bí inú mi bá dùn, mo ń kọrin. Bí inú bá bí mi, mo ń kọrin tó ju ìyẹn lọ. Nínú ìtàn yìí, inú bí gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ mi tó jẹ́ télọ̀ gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wọ yàrá wa, ó gbé e ka orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ó gbé páálí bàtà kan tì í, sídíì orin kún inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin wa ló kọ àwọn orin náà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, tó ń lé orin fún wa. Ẹ̀rọ tá a fi ń gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti kú pátápátá, ara àwọn àwo náà sì ti ń ha.

Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ là ń pe ọmọ náà, torí bó ṣe ń rìn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó ti wọ ilé-ìwé girama báyìí, ìrìn náà ò tíì yí padà.

"Pẹ́pẹ́yẹ, wò ó," bàbá rẹ̀ wí. "Bí o bá ti àwo bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ètò orin inú rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Á kọrin fún ẹ, àmọ́ kò mọ orúkọ orin kankan. 'Orin kìíní, orin kejì' ló máa kọ síwájú ẹ. Ìwọ lo máa wo ẹ̀yìn páálí àwo, wàá tẹ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, kó tó dà á kọ sínú ara rẹ̀. Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o. Bó bá sì béèrè pé ṣé kóun fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn, má dá a lóhùn. Pè mí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàámi."

"Ohùn ìyá ẹ ló wà níbẹ̀. A ò ní òmíràn."

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Orin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kọ fún un, "Ọkọ mi" lorúkọ rẹ̀. Lórí àwo kan náà, ní ìparí, èmi kọ orin ẹ̀fẹ̀ kan tó ń jẹ́ "Ọkọ̀ mi". Ọkọ ni télọ̀. Ọkọ̀ ni èyí tó ní táyà. Àmì kékeré kan ló pín àwọn méjèèjì níyà.

Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó fi àmì kan sórí lẹ́tà, ó ní láti tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún, iṣẹ́ náà sì ń falẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wọlé. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yẹn ní kíláàsì wọn, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí kò ṣe nǹkan kan jẹ́jẹ́ rí.

"Ṣé akọ̀wé ìjọba ni ọ́ ni?" Jẹ́jẹ́ bi í. "Gbogbo èèyàn ti wà ní gbọ̀ngàn, à ń múra eré ìparí ọdún, ìwọ jókòó síbí ò ń fi ìka kan ṣoṣo wá àmì."

"Bàbá mi ní kí n fi sí i."

"Ta ló ń fi àmì sí nǹkan mọ́? Kọ̀ǹpútà ò kúkú létí. Tẹ lẹ́tà lásán ká máa lọ. Bí o ò bá tètè dé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi ṣe ọbabìnrin."

Mo wà lórí àga mi, mò ń ṣa bọ́tìnnì ńlá kúrò lára kékeré. Mo ní, "Pẹ́pẹ́yẹ, ìkánjú ò ṣe é fi lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Ìyá àgbà, ó ti fẹ́ tán," ó dá mi lóhùn.

Mo jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo gbọ́ ọ. Pẹ́pẹ́yẹ tẹ "Oko mi" fún orin ìyá rẹ̀, kò fi nǹkan kan sórí, kò fi nǹkan kan sábẹ́. Nígbà tó dé orí tèmi, ó tún tẹ "Oko mi". Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kóun fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

"Bàbá mi ní kí n pe òun," Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Pè é, kó wá rí i pé o ò fi àmì kankan sí i," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni', jàre."

Ẹ̀rù ìbáwí bà á. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Bó ṣe parí, Jẹ́jẹ́ gbé páálí bàtà yẹn, ó mì í. "Ṣebí gbogbo wọn ti wà nínú kọ̀ǹpútà? Kí lẹ tún fẹ́ fi àwo ṣe? A ń wá nǹkan tó ń dán tá a máa fi ṣe ìràwọ̀ sójú ìtàgé." Wọ́n gbé e láàárín ara wọn, ó di gbọ̀ngàn ilé-ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun, ó fa àga, ó tẹ "Oko mi". Ohùn tèmi ló bú jáde:

*Ọkọ̀ mi ò ní bíréèkì o,*
*ẹ yà lọ́nà, ẹ yà lọ́nà,*
*dẹ́rẹ́bà ti sùn lọ.*

Ẹ̀rín pa mí. Mo ti ń jó lórí àga kí n tó wo ojú ọmọ mi. Ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Dẹ́rẹ́bà tún sùn lọ. Ó wá gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Pẹ́pẹ́yẹ, níbo ni ìyá ẹ wà?"

"Bàámi, bóyá kọ̀ǹpútà ló gbé e mì."

"Ó dáa. Gbé àwo rẹ̀ wá, ká tún un dà kọ."

"Mi ò mọ ibi tó wà. Bóyá olè ló wọlé."

"Olè wọlé, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó gbé páálí bàtà lọ?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbínú aláriwo kì í bà mí lẹ́rù, torí kì í pẹ́ rọlẹ̀. Ti ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn ò láriwo. Ó dìde, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Aṣọ kankan ò sì sí lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ sáré lọ sí gbọ̀ngàn. Àwọn àwo wa ti di ìràwọ̀, wọ́n fi okùn so wọ́n rọ̀, wọ́n ń dán yinrin.

"Jẹ́jẹ́, ohùn ìyá mi lo fi sísọ́ọ̀sì gé yìí," ó wí.

"Ìwọ lo kó o fún mi. Ṣé ọwọ́ mi ló tẹ bẹ́ẹ̀ ni?"

"O ti bà mí láyé jẹ́."

"Má pariwo mọ́ mi. Bàbá ẹ sọ fún ẹ, kò sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ìgbátí lọ, torí òótọ́ ni. Ó já ìràwọ̀ kan bọ́, ó mú un wálé. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́. "Kò sí olè kankan, Bàámi. Èmi ni."

Ọmọ mi wo ìràwọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dìde," ó wí. "Ìkúnlẹ̀ ò lè kọrin."

Inú bí èmi náà débi pé mi ò rí orin kọ. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó. Mo pe ọmọ náà, mo ní, "Lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì. Òun àti ìyá ẹ ló jọ ń gbè fúnra wọn. Bóyá àwo tiẹ̀ ṣì wà. Àmọ́ múra etí ẹ sílẹ̀ o."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀. Bí Pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń rojọ́ ni obìnrin náà ń gbá ìyẹ̀fun pípò náà mọ́ tábìlì, gbì, gbì.

"Nítorí náà, ìwọ lo sọ ọ̀rẹ́ mi di ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Má jọ̀ọ́ mi. Bí mo bá pè ẹ́ ní orúkọ tí kì í ṣe tìẹ, wàá jẹ́ ẹ?"

"Rárá, mà."

"Orin náà ò jẹ́ ẹ. Àwo mi wà, kò sì ní í jáde nílé yìí. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá. Kì í ṣe ẹyọ kan lo máa kọ o, gbogbo àwo mi ni, pẹ̀lú àmì. Èyí tó bá ṣì lórúkọ, wàá pa á rẹ́, wàá tún un tẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Lójoojúmọ́ tí ilé-ìwé bá jáde, Pẹ́pẹ́yẹ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀. Á gbọ́ orin, á da páálí àwo dé, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á tẹ orúkọ, á fi àmì sí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì á yọjú pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, á ní, "Kà á sétí mi." Bó bá ṣì í kà, ariwo á sọ. Wọ́n ṣe eré ìparí ọdún láìsí i. Jẹ́jẹ́ ló ṣe ọbabìnrin, mo sì gbọ́ pé ó sáré ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ìyá Oníbúrẹ́dì ránṣẹ́ pe gbogbo wa. Ọmọ mi wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. Pẹ́pẹ́yẹ tẹ "Ọkọ mi". Ohùn ìyàwó ọmọ mi sì jáde, tútù, bíi pé inú yàrá kejì ló wà:

*Ọkọ mi, aránṣọ,*
*òwú rẹ ti gùn jù.*
*Fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wá jẹun.*
*Bí mo bá ti sùn…*

Ibẹ̀ ni àwo ti ha. Ó ń sọ pé "bí mo bá ti sùn, bí mo bá ti sùn", kò lè kọjá. Pẹ́pẹ́yẹ bojú. Kò sí àwo mìíràn tá a lè wá mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ mi tí kò kọrin rí láyé rẹ̀ la ẹnu:

*kí o rọra jí mi.*

Mo gbè é. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbè é. A kọ ọ́ títí ohùn wa fi há.

Lẹ́yìn náà ni búrẹ́dì gbígbóná jáde nínú ààrò. Inú ṣì ń bí ọmọ mi díẹ̀, mo rí i lára bó ṣe ń ya búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ ya, ọmọ rẹ̀ ló nà án sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ ò mọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kánjú, kò ní í bá yín jẹ nínú ìyà rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ, torí irọ́ a máa fi kún àdánù ni. Ẹyin lohùn èèyàn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa jẹun yó lọ́jọ́ náà, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá àti orin lẹ́nu.